Bí Ọ̀rọ̀ Akọni Inú Fíìmù Ṣe Ń Di Ọ̀rọ̀ Ẹnu Wa

Nínú fíìmù Yorùbá tí ọdẹ tàbí jagunjagun bá wà, ìbọn kọ́ ló ń kọ́kọ́ dún. Ẹnu ló ń ṣáájú. Akọni á dúró, á wo ọ̀tá rẹ̀ lójú, á sọ ẹni tó bí i, á sọ igbó tó ti là kọjá, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í to ohun tí kì í ṣẹlẹ̀ láyé léra wọn, títí jìnnìjìnnì á fi bo ẹni tó dojú kọ ọ́. Kí idà tó kúrò nínú àkọ̀, olùwòran ti mọ ibi tí ìjà náà máa já sí. Ọdún á gorí ọdún, a lè gbàgbé orúkọ ìlú inú fíìmù náà, a lè gbàgbé ẹni tó fẹ́ ẹni àti ẹni tó da ẹni, ṣùgbọ́n gbólóhùn tí akọni sọ lójú ìjà á ṣì wà lẹ́nu wa. A ó máa fi bá ọmọ olórí kunkun wí. A ó máa fi dá ẹni tó bá fẹ́ rẹ́ wa jẹ lọ́jà lóhùn.

Bí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ṣe ń wáyé ni mo fẹ́ ṣàlàyé. Àwọn kan rò pé ẹ̀bùn lásán ni, pé òṣèré ṣáà la ẹnu, ọ̀rọ̀ sì jáde. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tó ní ìlànà ni, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe sì kọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn tó ṣáájú wọn. Àwa tó ń gbọ́ ọ náà ní iṣẹ́ tiwa níbẹ̀, iṣẹ́ tí a ti ń kọ́ láti kékeré láìmọ̀.

Ẹ wo agbègbè wa níbí, ibi tí etí wa ti kọ́ iṣẹ́ náà. Ejìnrìn wà ní etí ọ̀sà, láàárín Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìtóìkin kọjá lónìí lè má mọ̀ pé ìlú yìí ti fìgbà kan jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọjà tó lókìkí jù lọ létí ọ̀sà. Ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀bú ti ń pàdé àwọn ará Èkó: epo pupa àti èkùrọ́ ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ọjà òyìnbó ń fi ọkọ̀ ojú omi wọlé. Ní Ìjẹ̀bú-Òde títí di òní, òpópónà kan ṣì ń jẹ́ Ejìnrìn Road, nítorí ibi tí ẹsẹ̀ ọlọ́jà ń tọ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ojú irin Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ọ̀nà mọ́tò tẹ̀ lé e, òwò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yà kúrò létí omi.

Ẹ̀pẹ́ tó múlé tì wá sì ní akọni tirẹ̀. Ní ìparí ọdún 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó títí Ọba Kòsọ́kọ́ fi fi ìtẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀pẹ́ ló kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá. Ibẹ̀ ló ti tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní 1854, kò sì padà sí Èkó títí di 1862. Ọdún Káyòkáyò tí wọ́n ń ṣe ní Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n fi ń rántí ìgúnlẹ̀ rẹ̀. Ọmọ tó bá dàgbà sí ìhà ibí ti gbọ́ bí a ṣe ń ki akíkanjú kó tó wo fíìmù kankan. Etí rẹ̀ ti mọ ibi tí ohùn máa ń ròkè àti ibi tó máa ń já wálẹ̀. Ìgbà tí akọni bá wá la ẹnu lójú fíìmù, etí tó ti gbọ́n ló bá pàdé.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ọdẹ ni akọni wa sábà máa ń jẹ́? Igbó ni ìdí rẹ̀. Ọdẹ ń lọ síbi tí ẹbí kò sí, tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ohun tó bá pàdé níbẹ̀, ẹranko ni o, iwin ni o, yóò bi í pé ta ni. Bí kò bá lè dáhùn, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Àwọn ọdẹ ló ni ìjálá, nínú ìjálá ni wọ́n sì ti ń ki ẹranko, tí wọ́n ń ki ara wọn, tí wọ́n ń ki ìlà ìdílé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá tó gbé ìwé ńlá kan jáde lórí ìjálá ní 1966 fi hàn wá bí ìmọ̀ yìí ṣe jinlẹ̀ tó. Kó tó di ìgbà yẹn ni D. O. Fágúnwà ti gbé Àkàrà-Ògùn, ọmọ ọdẹ, sínú ìwé ní 1938. Ẹni tó bá ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ á rí i pé àwọn ẹbọra ibẹ̀ pàápàá kì í déédéé kì mọ́ ènìyàn. Wọn á kọ́kọ́ fọ́nnu, ọdẹ á fọ́nnu padà, ìjà á wá tẹ̀ lé e. Lójú tèmi, inú ìwé yẹn ni fíìmù akọni wa ti gba ẹnu tó fi ń sọ̀rọ̀.

Fíìmù gígùn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá, Àjàní Ògún, jáde ní 1976. Ọlá Balógun ló darí rẹ̀. Adéyẹmí Afọláyan, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love, ló ṣe Àjàní, ọ̀dọ́mọdé ọdẹ tó ń jà láti gba ilẹ̀ baba rẹ̀ tó ti kú lọ́wọ́ alágbára kan tó fi owó àti ipò gbà á. Orin pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ọdẹ ni wọ́n tún mú. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti òṣèlú ayé òde òní ni wọ́n fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé bí ọdẹ bá sọ ọ́, àwọn ará ìlú á gbọ́ ọ yékéyéké.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ náà wò.

Ìfihàn ara ló ń ṣáájú. Nínú fíìmù Dr. No tó jáde ní 1962, James Bond jókòó nídìí tẹ́tẹ́, wọ́n bi í léèrè orúkọ, ó dárúkọ ìdílé rẹ̀ nìkan, ó sinmi díẹ̀, ó wá tún un pè pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré, ayé sì ti ń sín in jẹ láti ìgbà náà. Ohun tó mú un dùn ni pé kò sí ohun mìíràn lẹ́yìn rẹ̀: ọkùnrin náà dá dúró, kò fi baba tàbí ìlú gbéra ga. Akọni tiwa kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá pe orúkọ ara rẹ̀ nìkan tó dákẹ́, olùwòran á rò pé ọmọ tí kò ní baba ni. Ó ní láti pe baba, pe ìyá, pe ìlú, pe iṣẹ́ ilé wọn. Gbogbo àwọn tó pè ló ń rọ́ wá dúró sẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan tó dá dúró níwájú ọ̀tá á sì di ogunlọ́gọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ gan-an, ìyẹn ọfọ̀. Kí n má bàa ya ti ẹlòmíràn lò, ẹ jẹ́ kí n hun kékeré kan fúnra mi. Ká ní ọdẹ kan tukọ̀ dé etí ọ̀sà Ejìnrìn níbí, tí àwọn tó wà létí omi sì ní kò ní gúnlẹ̀. Ó lè wí pé:

Ọ̀sà kì í bínú kó lé ẹja jáde.
Ilẹ̀ kì í bínú kó pa ilẹ̀kùn dé mọ́ ekòló.
Àgbẹ̀dẹ kì í bínú kó kọ ọmọ owú.
Ẹ̀yin onílé etí omi, ẹ kò ní í lè lé mi.

Gbólóhùn mẹ́ta àkọ́kọ́ kò mẹ́nu kan ìjà rárá. Ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ní òótọ́ ni wọ́n ń sọ, kò sì sẹ́ni tó lè jiyàn rẹ̀. Olùgbọ́ gbà lẹ́ẹ̀kíní, ó gbà lẹ́ẹ̀kejì, ó gbà lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà tí ìkẹrin bá dé, orí tó ti ń mì bọ̀ kò ní ráyè dúró mọ́. Ó ti gba ohun tí akọni ń wá kó tó mọ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀tá inú fíìmù fi máa ń sáré já ọ̀rọ̀ gbà, tí á tètè dá ọfọ̀ tirẹ̀ bọ àárín ti akọni. Ó mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́ gbọ́ ọ dópin, ọwọ́ ti ba òun.

Ẹ tún wo bí mo ṣe tò wọ́n. Ọ̀sà ló ṣáájú, nítorí òun ló wà lójú gbogbo wọn níbẹ̀. Ilẹ̀ tẹ̀ lé e, nítorí ilẹ̀ ni ọdẹ náà fẹ́ tẹ̀. Àgbẹ̀dẹ ló ṣìkẹta, nítorí irin wà níbẹ̀, níbi tí irin bá sì wà, Ògún kò jìnnà. Olùgbọ́ á ti máa gbóòórùn ewu kí ìhàlẹ̀ tó jáde. Bí a bá gbé àgbẹ̀dẹ ṣáájú, tí a fi ọ̀sà kádìí, ọ̀rọ̀ náà ṣì péye, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ á ti rọ̀. Àwọn tó ń kọ eré lóde òní kì í fi bẹ́ẹ̀ ronú sí ètò yìí mọ́, ó sì ń dùn mí. Wọn á to gbólóhùn mẹ́wàá síra, èyíkéyìí lè ṣáájú, èyíkéyìí lè kẹ́yìn, kò sì sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà kọ lu ọ̀tá. Ariwo ni èyí, kì í ṣe ọfọ̀.

Ohun tó ń jẹ́ kó wọni lórí ni pé apá kan dúró, apá kan ń yí. "Kì í bínú kó" ń padà wá síbì kan náà pẹ̀lú ohùn kan náà. Ọmọ kékeré tí kò mọ ohun tí ọmọ owú ń jẹ́ lè bá wọn gbè é. Orúkọ ohun tí a ń pè nìkan ló ń yí padà, ìyẹn ni kì í sì í jẹ́ kó sú etí. Bí ìkẹrin bá wá fi ẹsẹ̀ tí a ti mọ̀ sílẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ẹ̀yin", olùwòran á jí gìrì. Gbólóhùn tó já lójijì yìí ni a máa ń rántí jù.

Ọ̀nà mìíràn tún wà, èyí tí àwọn babaláwo àti oníṣègùn mọ̀ dunjú: kí iṣẹ́ tí a bẹ ewé wà nínú orúkọ ewé náà. Bí akọni bá mú ewé tẹ̀tẹ̀ dání tó ní tẹ̀tẹ̀ ló ní kí òun tẹ ọ̀tá mọ́lẹ̀, ìró orúkọ náà ti ṣe ìdajì iṣẹ́. Pierre Verger, ará Faransé tó pẹ́ láàárín wa tó sì di babaláwo, kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú èyí jọ sínú ìwé rẹ̀ Ewé ní 1995. Òṣèré tó bá mọ èyí kò nílò kí ẹ̀rọ dá iná tàbí èéfín sójú fíìmù fún un. Etí olùwòran ti gbà pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ lórí ìwé kò tíì di ọ̀rọ̀ akọni. Ohùn ló kù. Àwọn tó wo eré Àrélù ti Jimoh Aliu lórí tẹlifíṣọ̀n láàárín àwọn ọdún 1980 kò lè gbàgbé Fádèyí Olóró. Òjó Arówóṣafẹ́, tó papòdà ní 2023, ló ń ṣe é, ẹ̀gbẹ́ ìkà ló sì wà nínú eré náà, síbẹ̀ òun ni àwọn ọmọdé ń sín jẹ ju akọni lọ. Ohun tó ń ṣe ni pé kì í mí síbi tí àwa máa ń mí sí. Á gbé gbólóhùn mẹ́ta mẹ́rin sórí èémí kan ṣoṣo, ohùn rẹ̀ á máa wúwo sí i bó ṣe ń lọ, títí àwa tí a ń wò á fi rí i pé àwa náà ti ń séèémí. Ibi tó bá wá dúró mí ni ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì wà. Ìlù dùndún tún lè gbà á lẹ́nu rẹ̀ níbẹ̀, kó tún un sọ lóhùn awọ, kí a lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì láìjẹ́ pé òṣèré tún un wí.

Níbo ni àwọn òṣèré ti kọ́ ọ? Lójú agbo ni. Àwọn ẹgbẹ́ eré alárìnjò àtijọ́ kì í sábà ní ìwé eré tí a kọ sílẹ̀. Ọ̀gá á sọ ìtàn fún wọn, á sọ ẹni tí kálukú máa jẹ́, òṣèré á wá wá ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Karin Barber, ọ̀mọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì tó bá ẹgbẹ́ Òyìn Adéjọbí káàkiri, kọ ìwé kan tó jáde ní 2000 nípa bí eré wọn ṣe ń dàgbà láti alẹ́ ọjọ́ kan dé òmíràn. Bí olùwòran bá pariwo sí gbólóhùn kan lónìí, òṣèré á fi kún un lọ́la. Bí wọ́n bá dákẹ́, á yọ ọ́. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tó bá dé ojú fíìmù lẹ́yìn ọdún mélòó kan ti gba ọ̀pọ̀ ìlú kọjá, ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ti tún un ṣe. Iṣẹ́ yìí kan náà ni àwọn tó ń kọ fíìmù nílẹ̀ òkèèrè ń dá ṣe lórí tábìlì. Lawrence Kasdan ló kọ ìwé eré fíìmù àkọ́kọ́ ti Indiana Jones tó jáde ní 1981, níbi tí akọni ti jẹ́wọ́ pé òun kórìíra ejò. Mo fẹ́ràn ìjẹ́wọ́ yẹn. Akọni tiwa kì í jẹ́wọ́ ẹ̀rù lójú ọ̀tá láéláé. Níwájú Ifá tàbí lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ti ń sọ ọ́.

Hubert Ògúndé, ọmọ Òsòsà nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ti ń darí ẹgbẹ́ eré láti 1945 kó tó gbé Aiyé sínú fíìmù ní ìparí àwọn ọdún 1970. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá, babaláwo tó dojú kọ àwọn àjẹ́, ó sì tún padà wá nínú Jáiyésinmi ní 1981. Fíìmù kò fún un láyè tí ìtàgé fún un. Lórí ìtàgé, bí àwọn ènìyàn bá ń hó, ó lè na ọ̀rọ̀ náà títí ilẹ̀ á fi fẹ́ẹ̀ mọ́. Téèpù fíìmù nígbà náà wọ́n bí ojú, òkè òkun ni wọ́n sì ń gbé e lọ fọ̀. Gbogbo ìṣẹ́jú ló ń jẹ owó. Ó di dandan kí òṣèré yan èyí tó dára jù nínú ohun tó mọ̀. Mo rò pé ìfúnpá yìí ṣe ọ̀rọ̀ akọni lóore ńlá. Ó gé ọ̀rá rẹ̀ kúrò.

Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà wá gbà dé ẹnu ará ìlú tún jẹ́ ìtàn mìíràn. Ìwé Atọ́ka tó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1960 máa ń ya fọ́tò àwọn òṣèré nígbà náà, á sì kọ ọ̀rọ̀ wọn sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu wọn. Ẹni tí kò ráyè wo eré lè ka ohun tí akọni wí, kó tún un kà, kó há a sórí. Àwọn onífíìmù náà ń gbé fíìmù wọn kiri fúnra wọn, láti gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan dé òmíràn, nítorí ẹ̀rù àwọn olè tó ń da iṣẹ́ kọ. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò wá dé ní ìparí àwọn ọdún 1980, òun ló sì yí nǹkan padà jù. Fún ìgbà àkọ́kọ́, olùwòran lè dá a padà sẹ́yìn. Ìdílé kan lè gbọ́ ọfọ̀ kan náà ní ìgbà mẹ́fà lálẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ ilé á sì mọ ọ́n ju òṣèré tó sọ ọ́ lọ.

Ní 1999, Túndé Kèlání àti Akínwùmí Ìṣọ̀lá gbé Ṣaworoidẹ jáde, wọ́n sì fi nǹkan tuntun hàn wá: ọ̀rọ̀ tó pa ọba búburú kò ti ẹnu ènìyàn jáde, ìlù ló sọ ọ́. Nínú fíìmù náà, Adébáyọ̀ Fálétí ṣe Ọ̀pálábà, arúgbó tó ń fi òwe àti àrọ̀fọ̀ tú àṣírí ààfin, láìmú idà dání. Lójú mi, òun ni akọni ibẹ̀. Kúnlé, ọmọ Adé Love, ti gbé Aníkúlápó jáde ní 2022, Jagun Jagun tí ẹlòmíràn ṣe sì tẹ̀ lé e ní 2023, níbi tí akọni rẹ̀, Gbọ́tijà, ti ń bá igi sọ̀rọ̀ tí igi sì ń gbọ́. Inú mi dùn pé wọ́n ná owó sórí aṣọ, ẹṣin àti ìmọ́lẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti dùn nínú wọn, ìlànà àtijọ́ náà ló wà níbẹ̀. Ibi tó bá sì ti tẹ́, èèyàn á gbọ́ ọ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi rò ó kí wọ́n tó sọ ọ́.

Àwọn ọmọdé Ikorodu Bois, láti Ìkòròdú níbí, ti fi hàn pé olùwòran kì í kàn gbọ́ kó dákẹ́. Fóònù, ọmọlanke, ìkòkò àti igi ni wọ́n fi ń tún ìpolówó fíìmù ńláńlá ṣe. Èyí tí wọ́n ṣe lórí Extraction ní 2020 dé ojú àwọn tó ṣe fíìmù náà gan-an, wọ́n sì pe àwọn ọmọ náà síbi ìfihàn apá kejì rẹ̀.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ akọni ṣe ń rí lẹ́nu àwọn ọmọ tó ń ṣeré lórí iyanrìn ní Ejìnrìn. Ìfihàn ara ló kọ́kọ́ ń bọ́, nítorí orúkọ baba akọni kò kàn wọ́n; orúkọ baba tiwọn ni wọ́n ń fi rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni gbólóhùn àárín ń bọ́, tí mẹ́ta ń di méjì, tí méjì ń di ọ̀kan. Ewé tí wọn kò mọ̀ á di ewé tó wà lẹ́yìnkùlé wọn. Èyí tó kẹ́yìn, tó kọ lu ọ̀tá, ni wọn kì í fọwọ́ kàn. Bó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, kò sí ẹni tó tún ń béèrè fíìmù tó ti wá.